Ẹran Kan Ṣoṣo Inú Ìkòkò

Ẹran kan ṣoṣo ló wà nínú ìkòkò kékeré, gbogbo ilé ló sì mọ ẹni tó ni ín.

Inú ìkòkò ńlá ni ẹ̀wà wà, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀pà lílọ̀. Ìyá Ológosẹ́ bu ti ìyá ọkọ rẹ̀ sí abọ́, ó bu ti ọmọ rẹ̀, ó bu tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìkòkò kékeré, ó fi síbí gbé ẹran lé orí ìrẹsì nínú abọ́ tó ní ìdérí, ó da ọbẹ̀ lé e, ó sì dé e pa kíákíá bí ẹni tó ń bo ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Ojú kò rí i lóòótọ́. Imú ni kò ṣé é bò.

Bàbá Ológosẹ́ ti jókòó sídìí tábìlì. Bíríkìlà ni. Ògiri tó bá mọ kì í wọ́, àwọn ènìyàn àdúgbò sì máa ń fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ pè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sórí àpótí kan. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà wú, ó pọ́n, ó ń dán, bí aṣọ bá sì kàn án lásán, yóò mí kanlẹ̀.

Torí ẹsẹ̀ yìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Dókítà wò ó, ó ní ẹran tí ọkùnrin náà ń jẹ ló ń bá a jà. Ó ní kí ó má fi ọjọ́ kan ṣoṣo gé e kúrò, kí ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ó máa fi ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ àti olú rọ́pò rẹ̀, títí yóò fi di pé ọkàn rẹ̀ kò fà sí i mọ́. Bíríkìlà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó délé, ó pe gbogbo ilé jọ, ó ní ilé yìí ń fi ẹran sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá pín díẹ̀díẹ̀ náà. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn, nítorí pé eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò tó nǹkan, kí ló tún fẹ́ fi ẹran ṣe. Lẹ́yìn ìyá, ó kan ọmọ, nítorí pé nǹkan máa ń tètè mọ́ ọmọdé lára. Lẹ́yìn ọmọ, ó kan ìyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló fi sẹ́yìn, nítorí pé òun ló ń ru búlọ́ọ̀kù. Díẹ̀díẹ̀ ti kan ìyá, ó ti kan ọmọ, ó ti kan ìyàwó. Ó dé ẹnu ọ̀nà Bàbá, ó dúró síbẹ̀, kò wọlé.

"Ẹ jẹun," ni Bíríkìlà wí, ó ṣí abọ́ rẹ̀. "Ẹ̀wà ló ń mú egungun le."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ológosẹ́. Torí ẹnu rẹ̀ tí kì í dákẹ́ ni ìyá bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ lórúkọ ẹyẹ kékeré aláriwo tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wo èéfín tó ń jáde láti inú abọ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ìgbà wo ló máa kàn yín?"

"Ó ń bọ̀."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fún wa ní ìsinmi iléèwé. A ti lọ ìsinmi, a ti dé."

"Ológosẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, "oúnjẹ ló wà níwájú ẹ."

Màmá, ìyá Bíríkìlà, gbájú mọ́ abọ́ tirẹ̀. Ó ń fi síbí fọ́ ẹ̀wà mọ́ ara abọ́, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Bíríkìlà gé ẹran náà sí méjì, tí ọ̀rá rẹ̀ ń kán sórí ìrẹsì, arúgbó náà yí ojú sí fèrèsé.

"Mo yó," ó wí. "Oúnjẹ yìí dùn, ìyàwó mi. Lọ́sàn-án, màá jáde lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀."

"Ẹsẹ̀ tí ẹ ń nà yìí pọ̀," ni Bíríkìlà wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ṣé ẹ fẹ́ lọ sá eré ìje ni?"

Màmá rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó kó àwọn abọ́ lọ sí ilé ìdáná, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ilé àtijọ́ kan ni Bíríkìlà àti àwọn lébìrà rẹ̀ ń wó lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó kọ́ tuntun síbẹ̀. Kí ó tó débẹ̀, lébìrà kan tó jẹ́ àlejò sí iṣẹ́ náà ti gbé òòlù ńlá, ó ń lu ìsàlẹ̀ ògiri kíkankíkan. Bíríkìlà gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sáré tiro dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ó gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kí ó wó pa wá ni? Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Mo rò pé ibi tó bá rọrùn ni, ọ̀gá."

"Ibi tó rọrùn fún ta? Bí a bá ń kọ́ ilé, ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń wó o, òkè ni. Páànù lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà igi òrùlé, lẹ́yìn náà búlọ́ọ̀kù tó wà lókè pátápátá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó fẹ́ kó ilé lé àwọn tó wà nísàlẹ̀ lórí ni."

Lébìrà náà tọrọ àforíjì, ó gun òkè. Wọ́n yọ páànù títí di ọ̀sán. Ọkọ̀ tó yẹ kí ó wá kó o kò dé, kò sì síbi tí wọ́n lè kó òmíràn sí. Bíríkìlà kò fẹ́ràn kí ọwọ́ dilẹ̀. Ó ní kí wọ́n sinmi, ó sì tiro lọ gẹ irun orí rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ wà níwájú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ìkẹta sí ilé Bíríkìlà. Ènìyàn méjì ló wà lórí bẹ́ǹṣì, awakọ̀ kan tó ti gẹ irun tán ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ lọ, àti Tíṣà tó ń ka ìwé ìròyìn de ìgbà tí yóò kàn án. Nígbà tí Tíṣà rí ẹsẹ̀ Bíríkìlà, ó ní kí ó kọ́kọ́ jókòó.

Onígbàjámọ̀ ta aṣọ funfun yí i lọ́rùn, ó tan ẹ̀rọ. "Ọ̀gá Bíríkìlà, ẹsẹ̀ yìí ò tíì lọ?"

"Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ wò ó dáadáa," ni awakọ̀ wí, "ó jọ pé ó ń bọ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà náà rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fetí sí i.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ó wí. "Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí yìí, ẹ̀ ń jẹ ẹran bí ẹni pé wọn ò ní pa màlúù mọ́ lọ́la. Ilé wa ti fi ẹran sílẹ̀. Ẹ gbọ́ mi? Ilé wa ti fi ẹran sílẹ̀. Ewé, ẹ̀wà, olú, ẹ̀pà. Bí ènìyàn bá ti lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kò sí ohun tí kò lè ṣe."

"Mo gbìyànjú ẹ̀ rí," ni Tíṣà wí láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. "Ìyàwó mi ní kí n lọ máa sùn ní pálọ̀. Ó ní òun ò rí oorun sùn nítorí ohun tó ń ti abẹ́ aṣọ ìbora jáde."

"Tiyín tiẹ̀ dáa, ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ ẹ̀wà," ni awakọ̀ wí. "Ti ilé Ọ̀gá yìí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Wọn ò kúkú nílò fáànù mọ́."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ẹ̀rọ kúrò lórí oníbàárà rẹ̀, kí ó má baà gé e létí. Apá ọ̀tún orí Bíríkìlà ti ń dán. Apá òsì ṣì kún bámúbámú.

"Àti Màmá náà?" ni awakọ̀ bi í. "Ẹ gba ẹran lẹ́nu arúgbó?"

"Màmá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀," ni Bíríkìlà wí, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Wọn ò ráhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àgbà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìtẹ́lọ́rùn."

Ẹ̀rọ náà dúró.

"Áà," ni Onígbàjámọ̀ wí. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rò ó ni. "Bóyá ìyẹn ló fà á. Èmi àti ìyàwó mi ti ń bi ara wa."

"Ló fa kí ni?"

Onígbàjámọ̀ wo Tíṣà. Tíṣà kò gbà á sílẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan, Ọ̀gá. Mo kàn ní kí ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá ni. Látìgbà tí wọ́n ti ń wá bá ìyàwó mi fọ ìkòkò lọ́sàn-án, ìdí ìkòkò wa ò dúdú mọ́. Ìyàwó mi ò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ o. Àwọn fúnra wọn ní ọwọ́ àwọn dilẹ̀. Òun náà sì máa ń wá nǹkan díẹ̀ fi sí abọ́ fún wọn." Ó yẹ kí ó dákẹ́ níbẹ̀, kò sì dákẹ́. "Wọ́n ní kí ó jẹ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Èyí tó ti rọ̀, nítorí eyín."

Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wo bàtà ara rẹ̀. Tíṣà gbé ìwé ìròyìn sókè títí ó fi bo ojú rẹ̀ pátápátá. Nínú dígí tó wà níwájú rẹ̀, Bíríkìlà rí ọkùnrin kan tí wọ́n ti gẹ irun apá kan orí rẹ̀.

"Níbo ni wọ́n wà nísinsìnyí?" ó bèèrè.

Ojú Onígbàjámọ̀ lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Bíríkìlà dìde. Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde sí àgbàlá, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ lóṣòó sídìí ẹ̀rọ omi. Ìkòkò ńlá kan tí ọṣẹ bò wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kànrìnkàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Ó ti kọ́kọ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó ṣe é, nítorí pé abọ́ kékeré kan wà lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣófo, ó mọ́ bí ẹni pé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Egungun kékeré kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fà á bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fa ìka.

Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀. Ó yọ egungun náà lẹ́nu, ó dì í sínú ọwọ́, ó sì gbé ọwọ́ náà sẹ́yìn.

Bí ó ṣe gbé ọwọ́ sẹ́yìn yẹn ni Bíríkìlà kò lè gbàgbé. Òun náà máa ń gbé ọwọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Màmá, ẹ dìde."

"Mi ò tíì fọ̀ ọ́ tán."

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó dì í lápá mú. Kò fà á, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. Wọ́n gba òpópónà, ọmọ ń tiro, ìyá ń wọ́ ẹsẹ̀, omi ọṣẹ ń kán láti ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀nà náà kò gùn rárá, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló wà níta. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ àdúgbò kí wọn, wọ́n sì dúró kí wọ́n kọjá díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ ò rí orí ẹ̀? Apá kan ti lọ, apá kan kù."

"Ìwọ ò gbọ́ ni? Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nǹkan nílé wọn. Ó ń fi irun náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni."

"Ó ti rí Màmá. Mo sọ fún ẹ pé yóò rí wọn."

"Ṣé ìwọ náà mọ̀?"

"Ta ni kò mọ̀?"

Bíríkìlà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ yára, ẹsẹ̀ kò gbà fún un.

Ìyàwó rẹ̀ wà nílé. Alágbàfọ̀ ni, inú pálọ̀ ló sì ti máa ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà. Ó rí orí ọkọ rẹ̀, ó rí aṣọ funfun, ó rí ọwọ́ Màmá tó tutù. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀, ó gbé e nà ró. Kò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni Bíríkìlà fi mọ̀.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Mo nímú. Bí wọ́n bá ti ibi tí wọ́n ti lọ na ẹsẹ̀ dé, òórùn ọbẹ̀ ilé ẹlòmíì máa ń wà lọ́wọ́ wọn."

"O wá dákẹ́. Ìyá mi ń lọ fọ ìkòkò nílé onílé, wọ́n ń fi egungun san owó iṣẹ́ fún un, o dákẹ́ bí ẹni tí a gé ahọ́n ẹ̀."

"Kí n sọ pé kí ni, Bàbá Ológosẹ́?" Kò pariwo. Ó ń fi ọwọ́ na ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà bí ẹni pé ìyẹn ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. "Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fún wọn nílé. Kí ni mo fẹ́ dáhùn? Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fún wọn. Ọwọ́ mi sì ni mò ń fi gbé e kọjá níwájú wọn láràárọ̀, tí mò ń dé e pa. Ojú ń tì mí láti mọ̀. Mo wá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀."

"Mo ní ká fi ẹran sílẹ̀ nítorí ìlera wa ni."

"Ta ló ń ṣàìsàn?"

Bíríkìlà wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà fún yín," ni ìyàwó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. "Kí n tó fọ ìkòkò kékeré yẹn, mo máa ń lá a. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo máa ń fi ìka nu ún, mo máa ń lá a. Ìyàwó ilé. Nínú ilé ìdáná ara mi."

Ológosẹ́ ti dé láti iléèwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kíyè sí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́yìn.

Bíríkìlà yíjú sí ìyá rẹ̀. Arúgbó náà ti jókòó sórí àpótí tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé, ọwọ́ rẹ̀ tó di egungun mú wà lórí itan rẹ̀.

"Màmá, ṣé ebi ń pa yín nílé mi ni?"

"Rárá."

"Ṣé oúnjẹ ò tó yín?"

"Ó tó mi. Ó tiẹ̀ dùn. Olú tí ìyàwó rẹ sè lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo lá àwo."

"Kí wá ló dé tí ẹ fi lọ dójú tì mí?"

Màmá la ọwọ́, ó wo egungun náà.

"Ó wù mí jẹ ni. Ká ní kò sí nínú ilé, n ò ní wá a kiri. Nígbà tí mò ń tọ́ ọ, mo pẹ́ gan-an kí n tó rí ẹran jẹ, èyí tí mo bá sì rí, ẹnu rẹ ni mò ń fi sí. Kò dùn mí, torí pé kò sí. Èyí wà. Láàárọ̀ ó wà lójú mi, lálẹ́ ó wà lójú mi, wọ́n dé e pa bí ẹni pé olè ni mí. Ó pẹ́, mo wá di olè náà."

"Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ní ká ṣe é, Màmá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣáájú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó lè—"

"Láti ìsàlẹ̀." Màmá mi orí. "Ojú mi ni bàbá rẹ ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé, níbo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀?"

"Ìsàlẹ̀."

"Bí ẹ bá fẹ́ wó o ńkọ́?"

Bíríkìlà wo ara rẹ̀. Eruku ilé tí wọ́n ń wó ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Òkè ni, Màmá," ni Ológosẹ́ wí láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá máa ń sọ ọ́."

Nígbà tó yá, Ìyàwó Onígbàjámọ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó mú ìborùn Màmá dání, èyí tó gbàgbé sórí okùn nínú àgbàlá. Kò wọlé. Ó kúnlẹ̀ síta gbangba.

"Bàbá Ológosẹ́, ẹ dákun, ẹ má bínú. Mi ò rán Màmá níṣẹ́. Mo gba ìkòkò yẹn lọ́wọ́ wọn títí, wọn ò gbà. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹ ọ̀fẹ́."

"Ẹ dìde," ni Bíríkìlà wí. "Ẹ ò ṣẹ̀ mí."

"Ọkọ mi ní kí n sọ pé òun á wá parí irun yín níbí, kí ẹ má baà tún gba òpópónà kọjá bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gba ibẹ̀ kọjá ná."

Obìnrin náà fi ìborùn sílẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ ti ń rọ̀. Ìyá Ológosẹ́ wọ ilé ìdáná, ó sì ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó bu oúnjẹ alẹ́ sí abọ́ mẹ́ta, ó gbé abọ́ tó ní ìdérí jáde, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó gbé e kalẹ̀ tán ló tó rí ohun tó ṣe. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí ìdérí náà, kò mọ̀ bóyá kí ó ṣí i tàbí kí ó gbé e padà.

Bíríkìlà ti abọ́ náà sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ gbà."

"Mo ti jẹ ti òní. Fún ọmọ."

Ó ti abọ́ sí ọ̀dọ̀ ọmọ. Ológosẹ́ wò ó, ó wo ojú bàbá rẹ̀ bóyá inú yóò bí i.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ó ti mọ́ mi lára. Òórùn ẹ̀ ti ń rùn sí mi báyìí."

Bíríkìlà wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà mi orí, ó ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn ohun tó ti sọ lọ́sàn-án nípa ìkòkò tó ń lá, ó sàn fún un kí ó gbé itọ́ mì ju kí wọ́n rí i pẹ̀lú ẹran náà lọ.

Ẹran náà wá jókòó sí àárín tábìlì. Ohun tí Bíríkìlà ti ń ṣọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó fa abọ́ ẹ̀wà ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, ó bu síbí kan. Ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Ó dùn. Kò tíì tọ́ ọ wò rí. Ó ti rò pé ìyà ni, bí ó sì ṣe rò pé ìyà ni náà ló ṣe ní kí àwọn tó kù kọ́kọ́ máa jẹ ẹ́. Ó gbé síbí sílẹ̀.

Màmá dìde, ó ń so ìborùn mọ́rí.

"Níbo lẹ tún ń lọ, Màmá?"

"Ìkòkò obìnrin yẹn ṣì wà nílẹ̀. Mo ti jẹ ẹran rẹ̀, mi ò tíì fọ ìkòkò rẹ̀ tán. N ò jẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ rí."

"Ẹ jókòó."

"N ò lè jókòó. Ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn báyìí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Bíríkìlà ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó mú aṣọ funfun Onígbàjámọ̀ tó ti ká sórí àga, ó sì jáde. Àwọn obìnrin kan ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò dúró kí ó kọjá tán kí wọ́n tó wo orí rẹ̀. Ó kí wọn, wọ́n jẹ́ ẹ, ó kọjá.

Ìkòkò náà ṣì wà nínú àgbàlá Onígbàjámọ̀, níbi tí Màmá fi í sí. Bíríkìlà gbìyànjú láti lóṣòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sínú omi. Ó da yanrìn díẹ̀ sínú ìkòkò bó ṣe máa ń fọ garawa símẹ́ǹtì, ó mú kànrìnkàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí ha á. Ọ̀rá ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀rá le láti fọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò tíì fọ ìkòkò rí láti ìgbà tó ti gbéyàwó.

Onígbàjámọ̀ yọ jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́. Ó rí i, ó dúró.

"Ọ̀gá Bíríkìlà, ẹ jẹ́ kí n parí orí yín."

"Ẹ jẹ́ kí n parí èyí ná."

Onígbàjámọ̀ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rò ó kí ó tó sọ ọ́, kò sì sọ ọ́. Ó padà wọlé.

Nígbà tí ìkòkò náà mọ́ dé ìdí, Ìyàwó Onígbàjámọ̀ jáde wá. Abọ́ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn ń ṣe fún ẹni tó bá fọ ìkòkò rẹ̀. Ẹran ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni, tó ti rọ̀. Ó gbé e dání, kò nà án sí i, kò sì gbé e padà.

Bíríkìlà wo abọ́ náà. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Ilé wa ti fi í sílẹ̀," ó wí. Ọ̀rọ̀ tó sọ nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án náà ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ohùn rẹ̀ kò kọjá ìdí ẹ̀rọ omi. "Màmá ti fi í sílẹ̀, ọmọ ti fi í sílẹ̀, ìyàwó mi ti fi í sílẹ̀. Èmi ló kù. Ó ti kàn mí."

Ó da ojú ìkòkò náà dé sórí òkúta kí omi ara rẹ̀ lè ro, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti dìde.